Iṣẹ́ Ayépé Tí Abdulbasit Kò Lọ Jẹ́

Télọ̀ ni Abdulbasit. Ìta-Ọ̀ṣù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó fara kan ibi tí mo ti ń lẹ táyà. Ó ń rán bùbá, ó ń rán agbádá, aṣọ rẹ̀ sì máa ń jókòó dáadáa lára èèyàn. Bí ọdún bá dé, kì í já oníbàárà kulẹ̀. Ẹni tó bá mọ télọ̀ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri báyìí, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, wọ́n ń fi ata sí i. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ kọ. Mo wà níbẹ̀. Ibi tí n kò sí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Nígbà tó wà ní kékeré, nílé kéú, ó bi àlùfáà wọn pé níbo ni oṣù ń lọ nígbà tí a kò bá rí i. Àlùfáà ní kí àwọn ọmọ yòókù kí i kú ọgbọ́n. Wọ́n kí i. Wọ́n ń kí i bọ̀ lọ́nà ilé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún ń kí i. Kú-Ọgbọ́n di orúkọ rẹ̀ ládùúgbò fún ìgbà pípẹ́. Láti ìgbà náà, kì í bi èèyàn ní nǹkan mọ́. Bí wọ́n bá rán an sí ilé tí kò mọ̀, á máa rìn yí ká títí á fi rí i, tàbí kó padà wálé kó ní wọn ò sí nílé.

Ìgbà tí ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní AI wá wọ inú fóònù, ó dà bíi pé ẹni tí Abdulbasit ti ń retí ló dé. Kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ ni. Ẹ bi í ní nǹkan, ó dáhùn. Ẹ kọ ọ́ sí i, ó kọ èsì padà. Ó gbọ́ Yorùbá pàápàá. Mùínátù, ìyá àgbà Abdulbasit, ní òun kò lè pe orúkọ yẹn. "Ọ̀gbẹ́ni yẹn" ni ó ń pè é.

"Basit, ọbẹ̀ yìí ò dùn. Bi ọ̀gbẹ́ni yẹn bóyá iyọ̀ ló pọ̀."

Ẹ̀fẹ̀ ni ti ìyá àgbà. Ti ọmọ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí orí bá fọ́ ọ, á bi í. Bí òjò bá ṣú, kò ní gbójú sókè wo ojú ọ̀run, á bi í bóyá òjò máa rọ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá kọ̀wé sí i, á bi í pé kí ni kí òun fèsì. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, bákan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Ayọ̀tọ̀míwá, ọmọ tíṣà ni. Ohun tí bàbá rẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé, inú fóònù ló ti ń lọ béèrè rẹ̀. Wọ́n á jókòó pọ̀, kálukú á dorí kodò, kò ní sí ẹni tó bi ẹnìkejì rẹ̀ ní nǹkan kan.

Mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Basit, kí ló dé tí o kì í bi èèyàn?"

"Baba, kì í fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ṣé kì í parọ́?"

"Ó máa ń parọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í bú mi."

Mo padà sídìí táyà mi.

Raheemah ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Ọkùnrin kan ti fẹ́ ẹ rí, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú ẹ̀, ọkùnrin náà yẹra láìsọ ìdí. Ládùúgbò, wọ́n sọ ìdí náà fún un, oríṣiríṣi. Nítorí náà, nígbà tí Zakariyah dé, ọmọ Ayépé tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó ní òun fẹ́ Raheemah, gbogbo ilé di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di ẹyin mú. Wọn ò fẹ́ kí èyí tún bọ́.

Ìjẹ̀bú kì í fi ọmọ fún ilé tí wọn kò wádìí. Wọ́n á rán ẹnìkan lọ sí ìlú ọkọ. Ẹni náà kì í wọ ilé wọn tààrà. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni yóò jókòó sí, á máa rọra béèrè. Ṣé wàrápá wà nílé yẹn? Ṣé wọ́n ń na ìyàwó? Ta ni baba wọn, báwo ló sì ṣe ń bá èèyàn gbé? A kì í bi ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin náà. Ẹni tí ìfẹ́ wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Baba wọn ti kú. Àbúrò baba, Àlùfáà Abdulhakeem, ni olórí ilé. Ọkùnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bí ó bá ń ṣàdúrà sí oúnjẹ, ọbẹ̀ á tutù. Ó pe Abdulbasit.

"Ìwọ ni ọkùnrin ilé yìí báyìí. Lọ sí Ayépé. Béèrè Alhaji Wàhábì, baba àgbà ọkọ. Ó ti ṣòwò kòkó rí, wọ́n á mọ̀ ọ́n."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó wọṣọ láàárọ̀, ó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó kí mi. Mo ní kí ó lọ re, kí ó bọ̀ re.

Ó dé gáréèjì. Ó wọ mọ́tò Ayépé. Mọ́tò kò tíì kún. Ibẹ̀ ló jókòó sí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Yóò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò béèrè bóyá wàrápá wà nílé kejì. Wọ́n á wò ó. Wọ́n lè ní, ìwọ ta ni? Wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ó fa fóònù yọ. Ó bi í pé kí ó sọ fún òun nípa ìdílé Alhaji Wàhábì oníkòkó, ará Ayépé.

Kí mọ́tò tó kún, èsì ti dé. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó ní ìdílé ọlọ́lá ni, olùfẹ́ àlàáfíà, tí ìwà ọmọlúàbí wọn ń tàn bí ìràwọ̀. Ó ní olóògbé Alhaji Wàhábì jẹ́ òpó ìlú, pé ó kú, ó sì fi ìran rere sílẹ̀. Títí di òní, n kò mọ ibi tó ti kó o. Bóyá Wàhábì ìlú mìíràn ni. Bóyá kò sí Wàhábì bẹ́ẹ̀ láyé rárá. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí ó bi àwọn ará ibẹ̀ kí ó lè fi dájú. Abdulbasit rí i. Ó kà á. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Ó lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Lẹ́yìn náà ó wálé.

Wọ́n pé jọ sí pálọ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó rí i. Òpó ìlú. Ìràwọ̀. Ìran rere. Àlùfáà Abdulhakeem ń mi orí. Ó ní kí ó tún ti òpó yẹn sọ. Ó tún un sọ. Ìyá Raheemah nu ojú. Mùínátù nìkan ló bi í ní nǹkan.

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ lálejò?"

"Omi tútù, Ìyá àgbà. Àti gàrí. Àti ẹja yíyan."

"Ẹja yíyan. Fún ẹni tí wọn kò mọ̀."

"Wọ́n lawọ́, Ìyá àgbà."

Mùínátù wò ó.

Raheemah wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń sọ èyí. Ó mọ̀ pé baba àgbà Zakariyah wà láàyè. Kò sẹ́ni tó bi í, kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n to àga síta, tiwa lápá kan, tiwọn lápá kejì. Wọ́n ti se ìkọ́kọrẹ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Èmi náà wà lápá tiwa, mo wọ aṣọ tí Abdulbasit rán fún mi. Òun náà múra. Òun ló ń to àwọn àlejò sí àga. Ó bá baba arúgbó kan gbé ọ̀pá, ó fi í jókòó sí àárín. Baba náà tín-ín-rín, ó dé fìlà funfun. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Kí wọ́n tó máa sọ ta ni ta ni, àdúrà ló kọ́kọ́ wá. Àlùfáà Abdulhakeem dìde. Ó ṣàdúrà fún àwọn tó wá, fún ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, fún táyà mọ́tò wọn. Ó ṣàdúrà fún baba Raheemah tó ti kú. Ojú rẹ̀ dì, ọ̀rọ̀ sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bí a ti rántí tiwa, ẹ jẹ́ kí á rántí tiyín. Alhaji Wàhábì, òpó ìlú, igi ńlá tó wó ní Ayépé. Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Ọlọ́run jẹ́ kí sàréè fẹ̀ fún wọn."

Àwa ní, "Àmín." Ohùn wa ga. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín lápá tiwọn.

Baba tó jókòó sí àárín gbé ojú sókè.

"Àmín," ó ní. "Kí Ó jẹ́ kó fẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ó jẹ́ kí n jẹun ná."

Àlùfáà la ojú. Kò tíì yé e. Àbúrò bàbá Zakariyah kan wà níbẹ̀, obìnrin ni, Yétúndé ni wọ́n ń pè é. Òun ló là á yé e.

"Àlùfáà, ẹ wò ó dáadáa. Ó ń mí."

"Ta nìyẹn?"

"Òkú yín ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lápá tiwọn, ó sì gé e kúrú. Lápá tiwa, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Mo wo ilẹ̀. Mo rí i pé gbogbo ẹsẹ̀ tó wà níwájú mi dúró gbọin.

"Ta ló sọ fún yín pé mo kú?" Alhaji Wàhábì béèrè. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Àlùfáà yíjú sí Abdulbasit. Gbogbo wa yíjú sí i.

"Ìwọ lo lọ," Àlùfáà ní. "Sọ fún wọn."

Abdulbasit dúró, àga kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yétúndé sún síwájú.

"Ìwọ lo wá? Ó dáa. Ilé wa, apá ibo ló wà?"

Abdulbasit yí àga náà lọ́wọ́.

"Kí ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa? Igi ni? Kànga ni?"

Ohun tó ṣe nìyí, ìṣojú gbogbo wa ló ti ṣe é. Ó gbé àga sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò, ó fa fóònù yọ. Kì í ṣe pé ó rò ó. Ọwọ́ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀.

"Ẹ wò ó," Yétúndé ní. "Ó fẹ́ lọ bi fóònù."

Ó fi fóònù padà sápò. Kò wọlé dáadáa, ó bọ́ sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Mùínátù sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é lálejò. Ó ní ẹja yíyan."

"Ẹja yíyan," Alhaji Wàhábì ní. "Èmi?" Àwọn ará ilé rẹ̀ sì wo ara wọn. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo tó mọ ìdí.

Ìyá Raheemah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n. Alhaji ní kí ó dìde, kò dìde. Baba náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè.

"Kò sí ìjà. Bí ẹ bá wá béèrè, tí ẹ gbọ́ ohun burúkú, tí ẹ kọ̀ wá, a ò ní bínú. Ẹ kò wá. A kò tó ẹni tí èèyàn ń wọ mọ́tò wá béèrè. Ọmọ yín kò ṣẹ̀ wá, Zakariyah sì ṣì ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n a ó máa lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ wá, ẹ ránṣẹ́ sí wa."

Wọ́n lọ. Wọn ò fi ọwọ́ kan omi. Àlùfáà Abdulhakeem jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó rí àyè sọ̀rọ̀ tí kò sọ ọ́. Wọ́n pín ìkọ́kọrẹ́ fún àdúgbò kí ó má baà bàjẹ́, gbogbo ilé tó gbà á ló sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n bu tèmi náà. Mo jẹ ẹ́. Kò dùn.

Raheemah jáde ní yàrá pẹ̀lú aṣọ tí kò rí ẹni tó máa wò ó. Ó bá àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Basit, inú yàrá yẹn ni mo wà. O ì bá kan ilẹ̀kùn, kí o bi mí."

Kò bú u. Ọmọ náà sọ fún mi pé bó bá bú òun ni, ara ì bá tu òun.

Abdulbasit ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọn ò bá a. Bí mo bá rí i, ẹ̀yìn ilé ni ó ń gbà. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo lọ dúró síbẹ̀.

"Títí di ìgbà wo? Lọ sí Ayépé, kí o lọ béèrè."

"Baba, n kò lè lọ sí Ayépé. Gbogbo ìlú ti gbọ́."

"Wọ́n ti gbọ́. Ṣé tí o bá jókòó síbí, wọ́n á gbàgbé?"

Ó wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo rí i lójú ọ̀nà gáréèjì. Kò múra. Tépù tó fi ń wọn èèyàn wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbàgbé láti yọ ọ́.

Obìnrin kan ń din àkàrà níbi tí mọ́tò ti já a sílẹ̀ ní Ayépé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń béèrè ilé Alhaji Wàhábì."

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Èwo? Èyí tó kú ni, àbí èyí tó wà láàyè?"

Abdulbasit sọ fún mi pé òun fẹ́ sá padà. Ó ní mọ́tò tó gbé òun wá ṣì dúró síbẹ̀.

"Èyí tó wà láàyè, mà."

"Ìyẹn dáa. Torí èyí tó kú, ìwọ lo mọ sàréè rẹ̀." Ó pe ará ilé kejì. "Ẹ wá wo asìnkú Alhaji o, ó ti dé."

Wọ́n wá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ilé kéú. Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, obìnrin náà fún un ní àpótí pé kí ó jókòó. Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ó ní òun béèrè ti wàrápá, ohùn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lóhùn á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná.

Wọ́n sọ dáadáa, wọ́n sọ burúkú. Kò sí wàrápá. Wọn kì í na ìyàwó. Alhaji kì í parọ́, ṣùgbọ́n ó láhun, ẹni tó bá jẹun nílé rẹ̀ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyàwó rẹ̀ kejì kó jáde nítorí ẹnu Alhaji tó mú. Zakariyah kì í gbàgbé ilé, àmọ́ ó lágídí bíi baba àgbà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni ní òpó tàbí ìràwọ̀.

Wọ́n fi ilé hàn án. Alhaji jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi àgbálùmọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Alhaji kò tètè ní kí ó dìde.

"O ti béèrè?"

"Mo ti béèrè, sà."

"Kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

Ó tún tẹ orí mọ́lẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Wọ́n ní ẹ kì í parọ́, sà. Wọ́n ní ẹ láhun."

"Ta ló sọ ọ́?"

"N kò lè sọ, sà."

"Ẹ̀ẹ̀n. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wádìí. Ti fóònù rẹ ńkọ́? Kí ló ní?"

"Ó ní òpó ìlú ni yín."

"Ó sì ní mo kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ì bá fi mọ sí apá àkọ́kọ́. Dìde. Kí nìyẹn lọ́rùn rẹ?"

"Tépù ni, sà. Télọ̀ ni mí."

Baba náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè, ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"N kò tíì ní aṣọ yìgì. Wọ̀n mí."

Ọmọ náà sọ fún mi pé òun fi tépù yí àyà wọn ká, òun kò rí nọ́ńbà. Ó ní òun wọ̀n ọ́n, òun tún un wọ̀n. Ó ní, "Baba, àyà wọn ń ti tépù."

Nígbà tó dé ilé, Mùínátù wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ lálejò?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan, Ìyá àgbà."

"Omi ńkọ́?"

"Wọn ò fún mi."

Mùínátù yíjú sínú ilé. "Ó lọ o," ó ní. "Ẹ lè ránṣẹ́ sí wọn."

Wọ́n so yìgì Raheemah. Agbádá Alhaji jókòó dáadáa lára rẹ̀, gbogbo èèyàn ló sọ ọ́. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ Abdulbasit, gíláàsì ojú rẹ̀ ti sán nígbà tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ṣì ń bi í ní nǹkan, mo máa ń rí i. N kò lè purọ́ pé ó jáwọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìgì náà, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, bíi pé wọn ò pè é.

Yétúndé rí i níbẹ̀. Ó pè é, gbogbo agbo sì gbọ́.

"Asìnkú, òkú rẹ fẹ́ jókòó sí ibòji. Wá gbé àga fún un."

Ó dìde, ó gbé àga náà gba àárín gbogbo èèyàn kọjá. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.